Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Yára Jù

Òórùn àwọn ilé ìfọpo ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, kí n tó mọ orúkọ ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti apá ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gbà wọlé, òórùn kan báyìí, bí ẹyin tó bàjẹ́ tí wọ́n da epo díísù lé lórí, á bá ọ dé orí ibùsùn, o ò báà ti gbogbo fèrèsé. Àwọn aládùúgbò a máa yínmú sí i. Èmi kì í yínmú sí nǹkan kan. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró ti ẹ̀rọ ìlọta n'Íbàdàn, tí èéfín ti wọ irun rẹ̀ débi pé ọṣẹ ò rí i fọ̀ mọ́, òórùn wo ló kù tó fẹ́ dẹ́rù bà á? Nínú gáréèjì ọmọ mi ọkùnrin, òórùn mìíràn tún wà lórí ìyẹn: rọ́bà táyà tó jóná, epo ẹ́ńjìnnì, àti òórùn kíkan gàárì Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé àga mi lọ láràárọ̀.

Ìwọ tí a jọ dàgbà, mo mọ̀ pé ò ń bi ara rẹ pé kí ni ìyá arúgbó ń wá láàárín táyà àti sípánà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ni ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Òun náà ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí èmi ò mọ̀wé, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá bú u nínú rẹ̀, kó kọ èébú náà bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí bàbá rẹ̀ tó kó wọn wá sí Houston, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ti ra ògbólógbòó ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, aláwọ̀ aró, tí iwájú rẹ̀ gùn bí ẹnu ọ̀nì. Ó ń fi ọkọ̀ yìí sáré ní pápá lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ẹni tó bá yára jù ló gbà á. Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni nílé nìyẹn. Wọ́n ti dá àkókò kan sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá àti ààbọ̀. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á ta mọ́ ọ̀nà tó lọ tààrà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló gbà á. Àmọ́ bí àkókò tó lò bá dín sí mọ́kànlá àti ààbọ̀, ó ti bọ́ sábẹ́ nìyẹn, ó ti pàdánù. Wọ́n a máa pín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún. Èérún ni èmi àti ọmọ náà ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Èérún kan péré tó láti lé ọ padà sílé. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú títo ọkọ̀ náà ni pé kó máa dé ní àkókò kan náà nígbà gbogbo, bí iyàwó ilé tó mọ iye omi tí ìrẹsì ń mu.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bọ́ sábẹ́ tẹ̀léra. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni bàbá rẹ̀ bínú sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi, ẹnjiníà ni ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, ó ń ṣe ṣíìfù, oorun kì í sì tó o.

"Dúró ná," ló wí. "O pàdánù nítorí pé o yára jù?"

"Dádì, mo bọ́ sábẹ́ àkókò ni. Èérún mẹ́ta."

"Irú eré òmùgọ̀ wo nìyẹn? Kí èèyàn yára, kí wọ́n ní ó kùnà?"

Ì bá ti parí síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà ni, ilé rẹ̀ wà lápá Galleria lọ́hùn-ún níbi tí àwọn olówó ń gbé, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló sì ti di dókítà, kò sí bí wàá ṣe bá a jókòó tí o ò ní gbọ́ ọ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó rí gírísì lára ìró mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá mẹkáníìkì! Ẹ̀yin àgbà ló yẹ kí ẹ bá a wí, ẹ wá ń bá a mú sípánà. Ṣé ibi tí a bọ́mọ dé nìyí?"

Mo ní, "Dókítà, nígbà tí ẹ̀yin ń kàwé, ẹ̀rọ ni mo ń yí. Owó ẹ̀rọ yẹn ló rán bàbá ọmọ yìí lọ sí yunifásítì. Bí gírísì bá ń ríni lára, ẹ sún sẹ́yìn kó má ta bá agbádá yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti ọmọ mi. Bí àlejò ti jáde, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní bó bá tún pàdánù nínú ìdíje tó ń bọ̀, ọkọ̀ náà á kúrò nílé òun, kò sì gbọdọ̀ dá a lábàá láti ra òmíràn níwọ̀n ìgbà tó bá ń gbé lábẹ́ òrùlé òun. Ọmọ náà wọ gáréèjì lọ, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ti rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà. Mo wí fún ara mi pé ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbi kankan.

Láti ọjọ́ kejì ni a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí bàbá rẹ̀ bá ti jáde. Ká sọ òótọ́, bó ṣe ń to ọkọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá ti dé láti pápá, á jo afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, á yí ibi tí epo ń gbà, á tún fún irin kékeré kan tó wà lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ iná, irin tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ pátápátá. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èwo nínú wọn ló wá ṣiṣẹ́?" mo bi í.

"Màmá, mi ò mọ̀. Gbogbo ẹ̀ ni."

"Olóríkunkun. Bí o bá da iyọ̀, ata àti epo sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọbẹ̀ bàjẹ́, èwo lo máa mú lọ sí kóòtù?"

Mo sọ fún un bí a ṣe ń ṣe é nídìí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀wà bá ń jáde láìkúnná, ọwọ́ tí a fi ń fún ojú ọlọ nìkan ni mo máa ń yí, díẹ̀ báyìí. N ó bu igbá ẹ̀wà kan sí i, igbá kan náà, n ó fi àtàǹpàkò pa ohun tó jáde wò. Bí kò bá tíì kúnná, n ó tún yí i díẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan bẹ́líìtì, mi ò ní fọwọ́ kan iná ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ló ń lò ó, kì í ṣe òun ló ń lo ẹ̀rọ. Ó gbọ́. Ọ̀sẹ̀ náà, nǹkan kan la ń yí lójúmọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ké, tó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí igbe náà dé kó tó tú bíréèkì sílẹ̀, ó ní nọ́ńbà tó ń wò níwájú rẹ̀. Èmi ò mọ nọ́ńbà. Igbe ni mo mọ̀. Èmi á ní, "Ó ga ju tàná lọ." Á wò ó, á la ẹnu sílẹ̀, á ní, "Màmá, òótọ́ ni."

Sátidé tó ṣáájú ìdíje, a gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá láti dán an wò. Mo wé gèlè mi, mo wọ bàtà káńfáàsì, mo sì fi ohun tí wọ́n ń fi botí lé orí gèlè. Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sá a. Ó fi èérún méjì lé mọ́kànlá àti ààbọ̀. Ó fi mẹ́ta lé e. Ó tún fi méjì lé e. Ó tún fi méjì. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó dì mọ́ mi, akoto rẹ̀ gbá mi ní àgbọ̀n, mi ò sì bínú. Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan lára ọkọ̀ náà mọ́ títí di ọjọ́ ìdíje. Èmi fúnra mi ni mo ṣòfin yẹn.

Èmi náà ni mo rú u.

Ṣé o rántí pé mo ní gàárì ń rùn ní gáréèjì? Ìyàwó ọmọ mi ti sọ pé àpò gàárì kò gbọdọ̀ wọ kíṣìnnì òun nítorí kòkòrò. Mi ò wá ìjà. Ọjọ́ tí èmi àti ọmọ náà rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé wa, inú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ ni a gbé e sí, ibẹ̀ ló sì wà. Bí ó bá wù mí, n ó mú agolo mílíìkì, n ó ṣí búùtù, n ó bu tèmi. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Lọ́jọ́ tí a lọ dán ọkọ̀ wò, kò sẹ́ni tó ṣí búùtù wa. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ fún mi pé ìdíje yìí kò dà bí àwọn ti tẹ́lẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò á ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí.

Ọ̀rẹ́ mi, ìtìjú mú mi. Èmi tí mo fi gírísì fún dókítà lésì, mo jókòó sórí ibùsùn mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń rí òyìnbó kan lójú inú mi tó ń fi ìka tọ́ gàárì wò, tó ń béèrè pé erùpẹ̀ wo nìyí, tí gbogbo èèyàn ń fi ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbé àpò náà mọ́yà, mo gbé e lọ sẹ́yìn fíríìjì, mo fi ògbólógbòó ìró bò ó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

A dé pápá. Wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n ṣí búùtù tó mọ́ tónítóní, inú mi dùn. Wọ́n fún olúkúlùkù láyè láti sáré lẹ́ẹ̀kan kí ìdíje gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin dé bí ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ ta. Ṣíìfù ló ti ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Iná tàn, ọkọ̀ ta, pátákó oníná tó wà lókè kọ nọ́ńbà sójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe pòṣé.

"Ẹ ti rí i, Màámi? Kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti tún yára jù. Ó fi méjì bọ́ sábẹ́."

Ọmọ náà dé, ó ti mú sípánà lọ́wọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ni, òun máa jo táyà sílẹ̀, òun máa yí irin abẹ́ ẹsẹ̀ sókè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Afẹ́fẹ́ kọ́. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti Sátidé tó kọjá, ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tútù, òógùn mi ò purọ́ fún mi rí. Ọmọ mi tún ń sọ ọ̀rọ̀ eré òmùgọ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú sí i.

"Níbi iṣẹ́ rẹ ní La Porte, bí ooru inú páìpù bá ju ibi tí wọ́n ní kó dé lọ, ṣé wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọ?"

"Wọ́n á lé mi ni, Màámi. Ilé iṣẹ́ lè gbaná."

"Tó bá wálẹ̀ jù ńkọ́?"

"Ìyẹn náà ò dáa. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí wọ́n fi í sí ni."

"Kí lo wá ń pè ní eré òmùgọ̀? Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ lọmọ rẹ ń ṣe."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́. Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí: "Kí ló yí padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" Ọmọ rẹ̀ ní kò sí, òfin Màmá ni, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo rántí àpò gàárì. Ẹrù tó ń dín lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi, kí ló tún ń mú ọkọ̀ yára jùyẹn lọ? Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ni yóò pàdánù ọkọ̀ rẹ̀ nítorí pé mò ń bo ojú ara mi.

Mo ní, "Èmi ni. Mo gbé gàárì mi kúrò ní búùtù láàárọ̀ yìí. Ojú òyìnbó ń tì mí. Ẹ̀yin méjèèjì lè rẹ́rìn-ín tán báyìí, iṣẹ́ wà níwájú."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, "Màmá! Ó wúwo tó kí ni?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iye tí wọ́n kọ sára àpò kò wúlò mọ́, èmi ti ń fi agolo bù ú láti ọjọ́ yìí. Òṣùwọ̀n wà ní pápá, ṣùgbọ́n gàárì wà ní Pasadena. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì. "Ọwọ́ yìí ló gbé e láàárọ̀. Ẹ kó ohun tó bá wúwo wá."

Ọmọ mi ṣí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó gbé àpótí sípánà kan fún mi. Mo gbé e mọ́yà. Kò tó. Ó fi ẹ̀wọ̀n irin lé e. Ó ti pọ̀ jù. Ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó mú irin pẹlẹbẹ méjì tó máa ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì. Mo gbé wọn, mo rin ẹsẹ̀ mẹ́fà, mo padà. Ó kù díẹ̀. Ó fi sípánà ńlá kan lé e. Èjìká mi rọ̀ sílẹ̀ síbi tó rọ̀ sí láàárọ̀.

"Òun nìyí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọwọ́ yìí ti ń gbé ẹrù oníbàárà kí n tó lóyún rẹ. Wá nọ́ọ̀tù."

Òfin wọn ni pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ máa yí kiri nínú ọkọ̀. Ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ búùtù, ó fi nọ́ọ̀tù dè wọ́n mọ́ ọn gírígírí, ọmọ rẹ̀ ń mú iná tọ́ọ̀ṣì fún un. Bàbá àti ọmọ, orí méjèèjì nínú búùtù kan. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Olùyẹ̀wò wá, ó fa irin náà, kò mira, ó gbórí sísàlẹ̀ ó lọ. Wọ́n sì pe nọ́ńbà wa.

Ìpele kìn-ín-ní, ó fi èérún méjì lé e. Ẹni tó bá a sá ló bọ́ sábẹ́. Mo hó débi pé ohun ìbotí já bọ́ lórí gèlè mi. Ìpele kejì, èérún méjì náà ni, ó sì fi bíi gígùn apá kan ṣáájú ẹnì kejì dé òpin. Ìpele kẹta, iná tàn, ọmọ náà sùn lé e. Ìwọ akọ̀wé mi, má wò mí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀: o sùn lé e. Kí ó tó ta, ẹnì kejì ti lọ, kò sì rí i bá mọ́. Èérún méjì ló tún fi lé e lórí pátákó. Ọkọ̀ náà ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ó pàdánù.

Mo ti wà níbi tó máa gbé ọkọ̀ sí kí ó tó dé. Mo fi ẹ̀yìn ti ẹnu ọkọ̀ náà, ooru rẹ̀ ń jó mi láti inú ìró. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀.

Mo ní, "Gbọ́ mi kí o tó sọ̀rọ̀. O kéré nígbà tí bàbá rẹ kú, o ò lè rántí. Àwọn àbúrò rẹ̀ wá lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ lójú mi. Ẹ̀rọ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ rà. Mo jókòó, mo wọ dúdú, mi ò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ru ẹrù fún èèyàn kí n tó rí òmíràn rà. Mi ò ní jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọkọ̀ yìí bá máa kúrò nílé rẹ, kí o wá ibi tí wàá gbé èmi náà sí."

Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú akoto lórí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí, àṣé táyà ló ń wò.

"Màámi, ta ló ní ọkọ̀ ń lọ? Ẹ sún fún mi díẹ̀. Táyà òsì yìí ń jẹ lápá kan, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di Sátidé tó ń bọ̀."

"A" ló wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Àwọn kan ṣì ń sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó yẹ kí n sinmi, pé ẹni tó ti dàgbà tó báyìí, ilé ló yẹ ẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó le ni ẹni tí ojú kì í tì. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ojú ń ti olúkúlùkù. Ohun tó ṣòro ni kí o dúró láàárín àwọn ọmọ rẹ, kí o wí pé èmi ni mo bà á jẹ́, kí o sì tún dúró síbẹ̀ láti bá wọn tún un ṣe, kí o má wábi sá sí. Bí mo bá ṣe ìyẹn tán, kò tún sí ẹni tó lè fi ẹ̀rín lé mi kúrò níbi tí mo bá ti yàn láti dúró, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú mi.